Àwo Abẹ́ Igi Dóńgóyárò

Ẹtù ló máa ń jí wa nílé wa ní Sabonjídà, ní Tàmálè ilẹ̀ Gánà, kì í ṣe àkùkọ. Àkùkọ á kọ, á dákẹ́, á jẹ́ kéèyàn padà sùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹtù ò mọ ìwọ̀n ara ẹ̀. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀ lórí òrùlé páànù báyìí, ìyá mi á máa to àwo tánganran tí wọ́n fẹ́ gbé lọ sọ́jà Àbóàbó, gbangan gbangan, Ìyá Àgbà tó bí bàbá mi á wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kí gbogbo ilé lè mọ̀ pé àwọn ti kírun tán, bàbá mi á sì máa lu ríìmù kẹ̀kẹ́ níwájú ilé bí ẹni pé ríìmù náà bú wọn. Láàárín gbogbo ẹ̀, wàá gbọ́ pàkà, pàkà, pàkà lórí sìmẹ́ǹtì àgbàlá. Kọ́ńfọ́tì, ọmọ kékeré kan nílé wa, nìyẹn. Èmi nìkan ni mo máa ń dibọ́n pé n ò gbọ́ nǹkankan. Ọdún yẹn ni mo jáde ilé-ìwé Mídù ní Fọ́ọ̀mù Fọ́ọ̀, mo gba sẹ̀tífíkéètì, mo sì ti pinnu pé ẹni tó kàwé tó báyẹn, kò yẹ kí ẹtù máa sọ ìgbà tó máa jí fún un.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti sẹ̀tífíkéètì náà díẹ̀, torí òun ló kó wa sí wàhálà. Mo fi sínú àpòòwé káàkì, mo fi àpòòwé sápò, mò ń gbé e kiri. Mo gbé e lọ sọ́jà, mo gbé e lọ síbi pọ́ǹpù, ìyá mi tiẹ̀ búra pé àwọn rí mi lọ́jọ́ kan tí mo gbé e lọ sí ṣáláńgá. Mo kọ̀wé wáṣẹ́ sí gbogbo ọ́fíìsì tí mo mọ̀ ní Tàmálè, mo kọ sí àwọn tí n ò mọ̀, mo tún kọ sí ṣọ́ọ̀bù kan tó jẹ́ pé ó ti kógbá sílé kí ìwé mi tó dé. Kò sẹ́ni tó fèsì. Síbẹ̀, láràárọ̀ ni màá wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, màá ki báírò méjì sápò, ìkan ò ní íńkì, màá wá jókòó sórí àga lábẹ́ igi dóńgóyárò tó wà láàárín àgbàlá, màá gbé ẹsẹ̀ kan lé ìkejì, kí ẹni tó bá ń wá akọ̀wé lọ má bàa ṣì mí mọ̀. Kọ́ńfọ́tì ló sọ mí lórúkọ. Ó ní, "Bùrọ̀dá Sẹ̀tífíkéètì, ẹ kúuṣẹ́ o. Ẹ rọra, kí ìjókòó má pa yín." Mùtíù lorúkọ tí bàbá mi sọ mí, ṣùgbọ́n kó tó di oṣù kejì, àwọn tó ń ta omi lójúde náà ti ń pè mí ní Sẹ̀tífíkéètì.

Kọ́ńfọ́tì ò ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ. Ìgbòho làwọn òbí ẹ̀ ti wá, wọ́n ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àwa tó kù nílé jẹ́ ará Ìlọrin, a ń lọ sí mọ́sálásí, ọ̀rọ̀ ò sì tibẹ̀ yọ rí. Tí a bá gbààwẹ̀, ìyá ẹ̀ ló ń bá wa dín kósáì, àkàrà tí a fi ń ṣínu. Tó bá di Kérésì, ìrẹsì wọn la ó jẹ títí a ò fi ní lè bẹ̀rẹ̀ mọ́. Bàbá ẹ̀ tó jẹ́ téló ṣaláìsí nígbà òjò tó ṣáájú, ìyá ẹ̀ bí ọmọ ọwọ́ kan lẹ́yìn ikú náà, wọ́n sì ń yí kúlíkúlí tà láti fi bọ́ àwọn méjèèjì. Nígbà tí Kọ́ńfọ́tì wà lọ́mọ ọdún méjì, ibà kan mú un. Ibà náà lọ, ó sì mú ẹsẹ̀ òsì ẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ yẹn wà níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n ó rọ, ó tín-ín-rín, kò lè gbé e dúró. Ọwọ́ ló fi ń rìn. Á ki ọwọ́ méjèèjì bọ sálúbàtà bàbá ẹ̀ tó kú, èyí tí kò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ nù, á máa wọ́ ara ẹ̀ kiri àgbàlá, pàkà, pàkà. Tí a bá rán èmi àtòun níṣẹ́ láàárín ilé, òun ló máa ń kọ́kọ́ dé.

Lábẹ́ igi dóńgóyárò tí mo sọ yẹn, odó àtijọ́ kan wà tó ti sán, a dojú ẹ̀ délẹ̀, àwo tánganran funfun kan ló máa ń wà lórí ẹ̀, etí ẹ̀ búlúù, ó ti họ lápá kan. Kò lórúkọ. Obìnrin tó bá ti sọ ìkòkò kalẹ̀ nírọ̀lẹ́, kó tó bu ti ọkọ, kó tó bu ti ọmọ, á bu tùwó síbẹ̀, á da ọbẹ̀ lé e, á dé e, á bá tiẹ̀ lọ. Ẹlòmíì á wá, á bu tiẹ̀ kún un. Tó bá ṣe díẹ̀, ẹni tí kò rí nǹkan dáná lọ́jọ́ náà á jáde wá gbé e. Òfin ibẹ̀ ò ju ìkan lọ: o ò gbọdọ̀ wo ẹni tó gbé e. Tó o bá wà lágbàlá, tó o sì gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń lọ síbẹ̀, wàá yíjú sí ògiri, wàá máa ka alángbá. Tó bá fi máa dàárọ̀, àwo á ti padà sórí odó, á ti mọ́ tónítóní. Kò sí "ẹ ṣé", kò sí "kò tọ́pẹ́". Mo bi Ìyá Àgbà léèrè nígbà kan pé kí ló dé tí wọn ò kàn gbé oúnjẹ fún ẹni tébi ń pa. Wọ́n ní, "Ẹni tó bá fi oúnjẹ lé ọ lọ́wọ́, ojú ẹ̀ ló fi lé e. Oúnjẹ á dà nínú, ojú ò ní kúrò lára."

Ọdún yẹn, gbogbo wa mọ̀ pé Ìyá Kọ́ńfọ́tì ló ń gbé e. Èmi náà ń yíjú sí ògiri bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n mo máa ń yí i pẹ̀lú ìgbéraga díẹ̀, bí ọ̀gá tó ń ṣàánú èèyàn. Nílé tiwa, ojoojúmọ́ la ń dáná. Kódà, oúnjẹ tó dùn jù tí mo jẹ láyé mi, ìyá mi ló ń fún mi jẹ kí n tó lọ sílé-ìwé nígbà tí mo wà ní Fọ́ọ̀mù Túù: tùwó àná tó ti dì, tí ọbẹ̀ kúkà, ọbẹ̀ ilá àti ti àyọ̀yọ̀ ti wọnú ara wọn lórí ẹ̀. Mo máa ń fọ́nnu fáwọn ọmọ kíláàsì mi pé ìyá tiwọn ń se ọbẹ̀ kan, tèmi ń se mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tó yá, kò wá mọ́. Mo bẹ̀ wọ́n títí pé kí wọ́n tún un sè. Wọ́n á wò mí, wọ́n á ní, "Ọbẹ̀ yẹn ò ṣeé dá sè." Mo rò pé èròjà kan ló wọ́n lọ́jà ni.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wá bẹ̀rẹ̀ ni pé Ìyá Kọ́ńfọ́tì gbé ọmọ ọwọ́ lọ síbi tí wọ́n ti ń wọn àwọn ọmọ, Kọ́ńfọ́tì bá wọn lọ. Obìnrin kan láti ọ́fíìsì Wẹ́fíà, àwọn tó ń tọ́jú ọmọ aláìní, rí i bó ṣe ń fi sálúbàtà rìn. Ìyá Kọ́ńfọ́tì sáré wálé, wọn ò tiẹ̀ tíì sọ ọmọ kalẹ̀ tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Ìyá, wọ́n ń kó àwọn ọmọ tí ibà mú lẹ́sẹ̀ lọ sí Kùmásì o! Wọ́n á rọ irin sí i lẹ́sẹ̀, á dìde dúró. Wọ́n á sì máa fún ọmọ ọwọ́ ní mílíìkì. Ṣùgbọ́n àwọn tí apá wọn ò ká a ni wọ́n ń mú, àyè ò pọ̀. Mádáàmù ń bọ̀ wá wo ilé ní Alámísì." Ìyá Àgbà ní kí wọ́n tún un sọ. Wọ́n tún un sọ. Ìyá Àgbà wá gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, wọ́n dúpẹ́, wọ́n ṣàdúà, wọ́n sì sọ ọ̀rọ̀ kan tí ọ̀rọ̀ náà fi yíwọ́: "Àlejò ń bọ̀ wá wo ilé wa. Àṣírí Ìyá Kọ́ńfọ́tì ò gbọdọ̀ tú."

Kì í ṣe pé a ò gbọ́ nǹkan tí wọ́n sọ. Etí wa gbọ́, ara wa ni ò gbọ́. Yorùbá ni wá. Tí àlejò bá ń bọ̀ nílé ẹni tí kò ní, kí là ń ṣe? À ń bá a bò ó ni. Láàárọ̀ Alámísì, yàrá Ìyá Kọ́ńfọ́tì tí kò ní ju ẹní àti agbada kúlíkúlí lọ di ààfin. Àǹtí Ráfátù, ìyàwó àbúrò bàbá mi, tú bẹ́ẹ̀dì onírin wọn tí wọ́n fi gbé wọn níyàwó, wọ́n gbé e wọlé. Ìyá mi to àwo tánganran láti ilẹ̀ dé àjà. Bàbá mi gbé kẹ̀kẹ́ titun kan tí bébà ṣì wà lára ẹ̀ gbé ògiri. Ìyá Àgbà gbé aago bàbá wọn wá, aago tó ti kú kí wọ́n tó bí mi, ṣùgbọ́n tó ń dán. Èmi náà ò gbẹ́yìn. Mo fi ẹyin àti ọṣẹ pa bàtà mi, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, torí èmi ni ògbufọ̀. Mádáàmù wá láti etí òkun, kò gbọ́ Haúsá, kò gbọ́ Dàgbánì, ká má tiẹ̀ wá sọ Yorùbá. Gbogbo ilé, èmi nìkan ni gẹ̀ẹ́sì mi ní ìwé ẹ̀rí.

Wọ́n wọ aṣọ Iléyá àbúrò mi fún Kọ́ńfọ́tì, wọ́n gbé e jókòó sórí àga, wọ́n fa sọ́kìsì funfun sí i lẹ́sẹ̀ méjèèjì, Ìyá Àgbà wá fi ìborùn wọn bò ó láti ìbàdí dé ilẹ̀. Kọ́ńfọ́tì wo ìborùn náà.

"Ìyá Àgbà, ṣebí ẹsẹ̀ yẹn ni wọ́n fẹ́ wá wò?"

"Dákẹ́. Kì í ṣe iwájú àlejò la ti ń tú aṣọ."

"Tí wọn ò bá wá rí i ńkọ́?"

Ìyá Àgbà wò mí pé kí n bá a sọ̀rọ̀. Mo ní, "Kọ́ńfọ́tì, fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fún àwọn tó kàwé." Ọmọ náà wò mí láti orí dé bàtà, ó mí kanlẹ̀. Lónìí tí mo dàgbà, tí mo bá rántí ìmí yẹn, mo mọ̀ pé òun nìkan ló ní làákàyè nílé lọ́jọ́ náà.

Mádáàmù dé nínú jíìpù, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́, ó fi awò sójú, fáìlì wà lábíyá. Gbogbo wa kúnlẹ̀, a dọ̀bálẹ̀, a bu omi fún un, a gbé ìrẹsì àti ẹtù tí a dín síwájú ẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tó máa ń jí wa nìyẹn. Mádáàmù wo bẹ́ẹ̀dì, ó wo àwo, ó wo kẹ̀kẹ́. Ó ṣí fáìlì. Ó ní kí n bi ìyá ọmọ bí nǹkan ṣe rí fún wọn látìgbà tí ọkọ wọn ti kú. Mo bi wọ́n. Ìyá Kọ́ńfọ́tì wo ilẹ̀, wọ́n wo Ìyá Àgbà, wọ́n ní, "A dúpẹ́." Kí lẹ fẹ́ kí wọ́n sọ níwájú gbogbo èèyàn? Ẹni tó ń sunkún lọ́wọ́ náà, tí o bá bi í, á ní òun dúpẹ́. Ká ní mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ì bá sàn. Ṣùgbọ́n mo ti ń dúró láti ọjọ́ tí mo ti jáde ilé-ìwé pé kí ẹnìkan bi mí ní gẹ̀ẹ́sì. Mo ta kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì mi sókè, mo ní obìnrin yìí ń gbé nínú ọ̀pọ̀ yanturu àti ìfọ̀kànbalẹ̀. Mádáàmù kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní oúnjẹ ńkọ́? Ìyá mi ní, "Sọ fún wọn kí wọ́n jẹun, ó ń tutù." Mo ní ẹtù ni wọ́n ń jẹ nílé yìí. Ojú ìyá mi bá dùn, mo bá fi "lójoojúmọ́" kún un, ọ̀fẹ́. Mádáàmù kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní ta ló ń ràn wọ́n lọ́wọ́? Gbogbo obìnrin ilé dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Àwa ni!" Ó kọ ìyẹn náà sílẹ̀, ó jẹ ìrẹsì díẹ̀, ó fọwọ́ pa Kọ́ńfọ́tì lórí, kò ṣí ìborùn rárá, ó lọ. Bí jíìpù ṣe ń lọ, àwa ń jó. Bàbá mi bọ̀ mí lọ́wọ́.

Ní Alámísì tó tẹ̀lé e, ọ̀gbẹ́ni kan gun kẹ̀kẹ́ wá, ó gbé lẹ́tà kan lé mi lọ́wọ́. Àpòòwé gígùn, wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ orúkọ ilé wa sí i. Mo rò pé iṣẹ́ ni. Mo pariwo pe gbogbo ilé, mo dúró lórí àga lábẹ́ igi, mo ya á, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè, mo ń túmọ̀ ẹ̀ bí mo ṣe ń lọ. Ìlà àkọ́kọ́ kí wa. Ìkejì dúpẹ́ lọ́wọ́ wa fún ìrẹsì. Ìkẹta ní inú ọ́fíìsì dùn láti rí ilé tó rí jẹ, tó sì lè dá tọ́jú ọmọ ẹ̀. Ohùn mi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Ìkẹrin ní nítorí náà, wọ́n ti fi àyè Kọ́ńfọ́tì nínú mọ́tò tó ń lọ sí Kùmásì ní ọjọ́ Àtìní fún ọmọ míì tí kò ní olùrànlọ́wọ́, mílíìkì náà sì ti lọ síbòmíì. Nígbà tí mo fi máa kà á tán, mo ti sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, n ò mọ ìgbà tí mo sọ̀ kalẹ̀.

Bàbá mi nìkan ló wò mí, wọ́n ní, "Mùtíù, o gbé wọn ga, o gbé wọn ga, ọwọ́ ẹni tó fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́ ò wá tó wọn mọ́." Pàkà, pàkà tó ń bọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé dúró. Kọ́ńfọ́tì bọ́ sálúbàtà lọ́wọ́, ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kò bú mi. Ká ní ó bú mi ni, ì bá tù mí lára. Ìyá Kọ́ńfọ́tì wọ yàrá wọn lọ. Bẹ́ẹ̀dì ti kúrò ńbẹ̀, àwo ti kúrò, aago ti kúrò, ó ku ẹní àti agbada. Wọn ò pẹ́ tí wọ́n fi jáde, wọ́n kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Àgbà.

"Ìyá, àṣírí mi tí ẹ bò, ẹ ṣé, Ọlọ́run á bo tiyín. Ṣùgbọ́n ẹ bo ẹsẹ̀ ọmọ mi mọ́ ọn. Tó bá dàárọ̀, màá lọ bá obìnrin yẹn. Màá sọ fún un pé n ò ní."

Àǹtí Ráfátù ní, "Háà! Lójú ayé? Níwájú àwọn akọ̀wé?"

"Lójú ẹni yòówù. Tí ojú bá tì mí, ojú tèmi ni. Ẹsẹ̀ kọ́."

Ìyá Àgbà jókòó síbẹ̀ títí ẹtù fi bẹ̀rẹ̀ sí í gun igi lọ sùn. Wọ́n wá dìde, wọ́n rìn lọ sábẹ́ igi, wọ́n gbé àwo tánganran yẹn kúrò lórí odó. Látìgbà tí mo ti gbọ́njú, n ò rí i kí wọ́n gbé e níṣojú èèyàn rí. Wọ́n ní, "Kò ní dá lọ. Obìnrin ilé yìí, ẹ múra sílẹ̀ lọ́la. Ìwọ Sẹ̀tífíkéètì, ìwọ lo máa pọn ọmọ."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe pọn Kọ́ńfọ́tì láti Sabonjídà gba ojú ọjà Àbóàbó kọjá láàárọ̀ Jímọ̀, èmi tí mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Ìyá Àgbà wà níwájú, wọ́n fi ìborùn di àwo náà mọ́ àyà bí ọmọ. Àwọn obìnrin tó ń ta òrí ń kí wa ní Dàgbánì, wọ́n ń bèèrè ibi tí à ń lọ, wọ́n ń nawọ́ sí èmi, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a dé ẹ̀gbẹ́ àwọn alápatà, Kọ́ńfọ́tì bẹ̀rẹ̀.

"Bùrọ̀dá, ẹ yára. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó ń ru igi yẹn ti kọjá wa lẹ́ẹ̀mejì."

"Ṣé o ti dárí jì mí ni?"

"Rárá. Mo kàn ń sọ ti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni."

Nígbà tí a dé ọ́fíìsì, Mádáàmù dìde, ẹnu yà á. Ìyá Àgbà ò jókòó. Wọ́n tú ìborùn, wọ́n gbé àwo náà kalẹ̀ lórí fáìlì obìnrin náà, wọ́n ní kí n sọ ohun tó wà fún, kí n sọ gbogbo ẹ̀. Mo sọ ọ́. Ìyá Kọ́ńfọ́tì wá bọ́ síwájú. Wọ́n ń fọwọ́ fa etí ìró, ohùn wọn ò ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sínú ìkòkò. "N ò ní. Èmi àtàwọn ọmọ mi, àwo yìí la fi ń jẹ alẹ́. Bẹ́ẹ̀dì tẹ́ ẹ rí, kì í ṣe tèmi. Kò sí èyí tó jẹ́ tèmi ńbẹ̀ àfi ọmọ." Wọn ò lè gbójú sókè. Mo la ẹnu kí n túmọ̀ ẹ̀, Ìyá Àgbà fọwọ́ dá mi dúró.

"Sọ fún un pé èmi náà jẹ ńbẹ̀. Nígbà tí bàbá ilé kú, tí n ò tíì mọ ọ̀nà ọjà. Ṣé ẹ gbọ́? Kì í ṣe òun nìkan."

Àǹtí Ráfátù ní, "Èmi náà. Ìgbà tí ọkọ mi lọ sí Yéńdì tí kò bọ̀ fún oṣù mẹ́fà." Wọ́n sọ ọ́ tán, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n fọwọ́ bo ẹnu.

Ó wá kan ìyá mi. Mo yíjú sí wọn, mo ń dúró pé wọ́n á sọ pé tàwa ò rí bẹ́ẹ̀. Wọn ò wo Mádáàmù. Èmi ni wọ́n ń wò. "Èmi náà. Ìgbà tí iná jó ṣọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́ bàbá ẹ̀. Odindi ọdún kan. Èyí tó ń sọ gẹ̀ẹ́sì fún yín yìí, Fọ́ọ̀mù Túù ló wà. Oúnjẹ inú àwo yìí ló ń jẹ lọ sílé-ìwé. Mo máa ń fi sílẹ̀ di àárọ̀, kó má bàa mọ ibi tó ti wá." Wọ́n nawọ́ sí Mádáàmù. "Ó yá, Mùtíù, sọ fún wọn. Má yọ nǹkankan kúrò, má sì fi nǹkankan kún un."

Ọbẹ̀ mẹ́ta. Kúkà Ìyá Àgbà, ilá Àǹtí Ráfátù, àyọ̀yọ̀ Ìyá Kọ́ńfọ́tì, tí ọkọ wọn wà láyé nígbà yẹn, tí ọwọ́ wọn ṣì ń ṣí ìkòkò. Mo dúró níwájú tábìlì yẹn, mo pọn ọmọ sẹ́yìn, mo wá gẹ̀ẹ́sì ńlá kan, n ò rí. Gẹ̀ẹ́sì kékeré ló kù. Mo ní, èmi náà jẹ nínú àwo yìí. Mo ní, ohun tí mo sọ lọ́jọ́sí, irọ́ ni. Mo yí ẹ̀yìn padà kí Mádáàmù lè rí ẹsẹ̀ Kọ́ńfọ́tì tó ń mì dirodiro, kò sí sọ́kìsì lára ẹ̀, kò sí ìborùn.

Mádáàmù bọ́ awò ojú ẹ̀, ó nù ún, ó tún un nù. Ó ní kí n bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò sọ fún òun nígbà tí òun wá.

Ìyá Àgbà ní, "Sọ fún un pé àlejò ni nígbà yẹn."

"Lónìí ńkọ́?"

"Lónìí ó ti rí ìdí àwo wa."

Àyè tí wọ́n ti fún ọmọ míì, kò ṣeé gbà padà, Ìyá Àgbà pàápàá ní kí wọ́n má gbà á. Mádáàmù ro ó títí, ó ní àga tó wà níwájú mọ́tò, ẹ̀gbẹ́ dírẹ́bà, òun ló yẹ kó jókòó síbẹ̀; Kọ́ńfọ́tì á jókòó sórí itan òun. Ó kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ lójú wa. Ẹ má wá rò pé ó fún mi níṣẹ́ o. Mo fi sẹ̀tífíkéètì hàn án kí n tó jáde, ó kà á dáadáa, ó ní òun ń wá ògbufọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ kéré díẹ̀ sí tèmi lòun ń wá.

Nǹkan yẹn yí Mádáàmù padà. Lẹ́yìn ìgbà náà, kì í pe èèyàn sójú gbogbo ilé mọ́ kó tó bi í léèrè ohun tí kò ní. Ẹ̀yìn ilé ló máa ń gbà wọlé, níbi ààrò, á bá wọn ṣa ẹ̀pà, ọ̀rọ̀ á máa jáde fúnra ẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tó gbé mílíìkì ọmọ ọwọ́ wá, mo wà lórí àga mi. Ó wọlé, ó wò yíká, ó gbé agolo náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo lórí odó, ó wá yíjú sí ògiri, obìnrin ọ́fíìsì pẹ̀lú fáìlì lábíyá, ó ń ka alángbá. Ìyá Kọ́ńfọ́tì jáde, wọ́n gbé e. Mo ti rí ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì tó ń ṣàánú èèyàn látìgbà náà, ní Gánà àti níbí. Mo máa ń wò wọ́n bóyá wọ́n mọ alángbá kà. Ilé yẹn ò sí lọ́wọ́ wa mọ́. Nígbà tí ìjọba Gánà ní kí àwa àlejò máa lọ, a kó ẹrù wa, Ìyá Àgbà ò sì jẹ́ kí a mú àwo yẹn. Wọ́n ní ẹni tó bá kó sílé náà lẹ́yìn wa, ọjọ́ kan á wà tí kò ní dáná.

Ṣùgbọ́n ọ̀sán ọjọ́ kan ni mo máa ń padà sí. Òjò ọdún tó tẹ̀lé e ti ń dá, gbogbo ilé ti sùn torí ooru, ìyá mi wà lọ́jà, ẹtù pàápàá dákẹ́. Mo jókòó sábẹ́ igi, ẹsẹ̀ kan lórí ìkejì, mò ń dúró de ẹni tó máa wá akọ̀wé. Mo gbọ́ ìró kan lẹ́nu ọ̀nà, kín-kà, kín-kà, kín-kà. Mo rò pé bàbá mi ló tún ti kó irin dé. N ò wẹ̀yìn. Ìró náà rọra ń bọ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, ó ń sinmi, ó ń bọ̀, títí tó fi dúró ní ẹ̀gbẹ́ mi. Mo gbójú sókè, ṣé ẹ̀ ń gbọ́, mo gbójú sókè wo Kọ́ńfọ́tì, èmi tó jẹ́ pé ilẹ̀ ni mo ti máa ń wò ó. Irin wà lẹ́sẹ̀ òsì ẹ̀ láti itan dé bàtà, ó fi ọ̀pá kan ti abíyá, òógùn bo gbogbo ojú ẹ̀. Ìyá ẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹrù lórí, wọ́n fọwọ́ mú ẹnu.

"Sẹ̀tífíkéètì," ó ní, "ẹ dìde, kí n jókòó. Ẹsẹ̀ ń ro mí."

Mo dìde.